Obìnrin Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì Méjì

Ẹni tó bá fẹ́ rí oyè tó tóbi ju orí tó gbé e lọ, kó gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè kejì ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú iṣan ẹsẹ̀. Kò ní ṣìnà. Ara ilẹ̀kùn tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: OLÙDARÍ ÀGBÀ PÁTÁPÁTÁ FÚN NỌ́ŃBÀ ÌTỌ́JÚ, ÌWÉ ÌGBOWÓ ÀTI GBOGBO OHUN TÓ BÁ TÚN YỌJÚ. Oyè náà gùn débi pé ilẹ̀kùn kò gbà á. Ó kọjá sára ògiri, ó yí kọ̀rọ̀, ó sì lọ parí sára ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́. Ẹni tí inú ń run, tó bá sáré débẹ̀, "GBOGBO OHUN TÓ BÁ TÚN YỌJÚ" ni yóò kọ́kọ́ kà kó tó wọlé.

Àwọn òṣìṣẹ́ kò lè pe gbogbo ìyẹn tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ni wọ́n bá gé e kúrú sí Ọ̀gá Pátápátá. Ó gbọ́, inú rẹ̀ sì dùn, torí ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Ọ̀gá Pátápátá kì í ṣe dókítà o, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Kò mú abẹ rí àfi èyí tó fi ń fá irùngbọ̀n. Iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe fún aláìsàn, wọ́n á sọ ọ́ di nọ́ńbà, wọ́n á fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń sanwó ìtọ́jú. Àìsàn ní nọ́ńbà tirẹ̀, iṣẹ́ abẹ ní tirẹ̀. Lẹ́yìn nọ́ńbà, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń sọ ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe: Ò fún òsì, Ọ̀ fún ọ̀tún. Ẹ rí i fúnra yín, àmì bíńtín kan lábẹ́ lẹ́tà ló wà láàárín ẹsẹ̀ kan àti ìkejì. Àwọn adójútòfò kì í rí aláìsàn sójú. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ríran, lẹ́tà ni wọ́n fi ń gbọ́ràn.

Ẹni tó ń kọ nọ́ńbà iṣan ẹsẹ̀ ni obìnrin kan tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí kì í pariwo. Bó bá fi orúnkún gbá tábìlì, tábìlì ló máa ń bẹ̀ pé kó má bínú. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì yẹn, kò sì ṣi nọ́ńbà kan kọ rí.

Láàárọ̀, bí Ọ̀gá Pátápátá bá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ti sáré ṣáájú. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí. Òun ló ń gbé báàgì ọ̀gá, òun ló ń nu awò ojú rẹ̀, òun ló sì ń bá a wúkọ́. Ẹ má rò pé mo ń ṣàwàdà. Ọ̀gá kà á sí àbùkù kí ènìyàn pàtàkì bíi tirẹ̀ máa fúnra rẹ̀ nu ọ̀fun. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ọ̀gá. Bí wọ́n bá sì ti wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á dìde.

"Nọ́ńbà yín kò ní ṣì, sà!"

"Kò ṣì rí," Ọ̀gá á dáhùn, wọ́n á sì jókòó.

Ọjọ́ Ajé kan ni wàhálà náà bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá bèèrè ìdí tí ìwé òun kò fi tíì jáde. Ọ̀gá ní kí wọ́n mú un wọlé, torí ara rẹ̀ yá gágá lọ́jọ́ náà, ó sì ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Bàbá náà jókòó síwájú tábìlì, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sókè kí wọ́n lè rí báńdéèjì. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wúkọ́. Ọ̀gá na ìka.

"Bàbá, ẹsẹ̀ òsì yín yìí, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa."

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, ọmọ mi."

Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́jọ gbé orí sókè nídìí tábìlì wọn.

"Mo ní ẹsẹ̀ òsì," Ọ̀gá tún un sọ, ó wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ yìí rìn. Ọ̀tún ni. Apá òsì tìrẹ ló bọ́ sí, torí o dojú kọ mí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ mọ̀ pé ẹlòmíràn á kàn rẹ́rìn-ín, á ní "ẹ má bínú, bàbá," ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ má bínú" kò jáde lẹ́nu Ọ̀gá Pátápátá rí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, tàbí ohun tó ń pè bẹ́ẹ̀, ó rí ojú òṣìṣẹ́ mẹ́jọ tó ń wo òun. Ó ní kí wọ́n sin bàbá jáde.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìwé kan ti wà lára ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jẹ́jẹ́ kà á kó tó gbà pé ojú òun kò ṣe òun ní nǹkan kan:

ÒFIN KẸTÀDÍNLÓGÚN. Láti òní lọ, ẹsẹ̀ tó bá wà lápá òsì Olùdarí nígbà tí Olùdarí bá dojú kọ aláìsàn ni ẹsẹ̀ òsì. Èyí tó bá wà lápá ọ̀tún Olùdarí ni ẹsẹ̀ ọ̀tún. Èrò aláìsàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe pàtàkì.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti ṣàlàyé. Ó gun orí pẹpẹ onígi tí wọ́n gbé àga rẹ̀ lé.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi! Ta ló ń wo aláìsàn? Àwa ni! Ta ni wọ́n ń wò? Aláìsàn ni! Ṣé ẹni tí wọ́n ń wò ló wá yẹ kó máa sọ ohun tó rí fún ẹni tó ń wò ó? Òkè kì í yíjú padà nítorí ẹni tó ń gùn ún. Èmi ni òkè!"

"Ẹ̀yin ni òkè, sà!" Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kígbe. "Òkè tó tún ní pẹpẹ!"

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sókè. Kò fẹ́ ṣe àtakò o. Iṣẹ́ ló ń rò, torí òun ló máa kọ ọ́ lọ́la.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àwọn aláìsàn kan wà tí iṣan tiwọn wú lẹ́yìn ẹsẹ̀, nísàlẹ̀ orúnkún. Dókítà máa ń ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó ṣe é. Báwo la ṣe máa kọ tiwọn?"

Ọ̀gá kò tíì ronú débẹ̀. Ó wo àjà, àjà náà wò ó.

"Ẹni tó bá dojú bolẹ̀," ó wí níkẹyìn, "ó ti kẹ̀yìn sí mi. Ẹni tó kẹ̀yìn sí mi kò bọ̀wọ̀ fún mi. Ẹ fi òsì rẹ̀ sílẹ̀ ní òsì fún un. Ìyà rẹ̀ nìyẹn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Bí Òfin Kejìdínlógún ṣe wáyé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí dókítà iṣan nísàlẹ̀, ọkùnrin kúkurú kan tó jẹ́ pé bó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta lóòjọ́, ó ti ṣe àsọrégèé. Ó gòkè wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ abẹ lọ́rùn.

"Ọ̀gá, mo gbọ́ pé ẹ ti pààrọ̀ ẹsẹ̀."

"A tún un ṣe ni, dókítà."

"Ó dáa. Èmi máa ń fi bírò fàlà sí ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ ṣe lára, kí aláìsàn tó sùn, òun alára á sì fọwọ́ sí i. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún òfin yín kó má sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá tèmi."

Ó padà sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n la ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dùn ún. Ọpẹ́ ni fún bírò. Ṣùgbọ́n nínú ìwé lókè kejì, ayé ti dorí kodò.

Jẹ́jẹ́ kọ lẹ́tà bí òfin ṣe wí. Ó ní ọmọ méjì nílé ẹ̀kọ́, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó ń sanwó oṣù fún akíkanjú. Ṣùgbọ́n ó ra ìwé àjákọ kan, ó ń kọ orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ó sì ń kọ ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe fún un gan-an síwájú rẹ̀. Kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó kàn ń dùn ún pé kí ènìyàn ní ẹsẹ̀, kó má sì sí ibì kan láyé tí wọ́n ti kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lára orúkọ tó wà nínú ìwé náà ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Onídìrí ni ẹ̀gbọ́n yìí, ọdún mẹ́tàlélógún ló sì ti ń dúró láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn àga oníbàárà. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n lọ́ bí okùn tí wọ́n so ní kókó. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ le jù. Dókítà ṣe é fún un lọ́sẹ̀ kejì tí òfin jáde, ìwájú ẹsẹ̀ ni, ó dojú sókè. Òfin Kẹtàdínlógún sọ ọ́ di òsì, Jẹ́jẹ́ sì kọ Ò. Èyí ń jinná lọ́wọ́ nígbà tí egbò ṣàdédé ya lẹ́bàá kókósẹ̀ òsì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni iṣan tó ń fà á wà, ó máa dojú bolẹ̀, kó sì yára. Òfin Kejìdínlógún ní òsì ẹni tó dojú bolẹ̀ kò kúrò ní òsì. Jẹ́jẹ́ tún kọ Ò, wọ́n fi ránṣẹ́ kí adójútòfò fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni èsì dé. "A ti sanwó ẹsẹ̀ òsì obìnrin yìí. A kì í sanwó iṣan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. A kò fọwọ́ sí i."

Jẹ́jẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó bá a lórí àga oníbàárà, ó gbé ẹsẹ̀ lé páànù tí wọ́n dojú ẹ̀ dé.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní a ti ṣe òsì yín."

Ẹ̀gbọ́n wo ẹsẹ̀ náà, ó wo àbúrò rẹ̀. "Ta ni wọ́n ṣe é fún? Ṣé mo sùn ni?"

Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé òfin méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ tún báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní, "Oníbàárà mẹ́ta ló lọ lánàá. Ọ̀kan rí báńdéèjì yìí tó rin, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Mi ò tíì dì ju ìlàjì orí rẹ̀ lọ. Ìlàjì orí ló gbé lọ sílé, Jẹ́jẹ́. O rò pé ó máa padà wá?"

Jẹ́jẹ́ kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ yàrá ọ̀gá lọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Nípa ìwé tí adójútòfò dá padà. Mo ní bóyá ká kàn kọ̀wé sí wọn pé lẹ́tà kan ló ṣì."

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà di ògiri mú. Ọ̀rọ̀ náà, ṣì, wọn kò gbọ́ ọ rí nínú yàrá yẹn láìsí "kò" níwájú rẹ̀.

"Ta ló ṣì?" Ọ̀gá bèèrè.

"Kì í ṣe ẹnikẹ́ni, sà. Lẹ́tà ni."

"Ṣé lẹ́tà tó ti ọwọ́ mi jáde ló ń ṣì? Jókòó síbẹ̀. Mú gègé. Kọ ohun tí mo bá sọ." Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wúkọ́, Ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri: "Sí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa ní ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ó yà wá lẹ́nu pé ẹ̀ ń ṣiyèméjì. Tayọ̀tayọ̀ la fi ń sọ fún yín pé obìnrin tí à ń wí yìí, ẹsẹ̀ òsì méjì ló ní. Irú wọn kò wọ́pọ̀. Èyí tó bá sì wà, ọ̀dọ̀ wa ló máa ń wá, nítorí òkìkí wa."

Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ dúró lórí ìwé. "Sà, ẹ̀gbọ́n mi ni o."

"Mo kí ọ kú oríire," Ọ̀gá dáhùn.

Ọjọ́ mẹ́rin péré, èsì ti dé, wọ́n sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn. "Inú wa dùn gidigidi. A kò rí irú rẹ̀ rí. Ayẹ̀wéwò wa yóò wá wò ó lọ́jọ́bọ̀."

Ẹ̀yin á rò pé àyà ọ̀gá já. Rárá o! Ẹni tí ìgbéraga bá ti bò lójú, bí wọ́n bá ń gbé pósí rẹ̀ bọ̀, á ní bẹ́ẹ̀dì tuntun ni. Ó gbà pé wọ́n ń bọ̀ wá yẹ́ òun sí. Ó ní kí wọ́n kun àtẹ̀gùn. Ó ránṣẹ́ pe oníbàtà kan, ó ní kó rán bàtà méjì, òsì àti òsì.

"Ọ̀tún rẹ̀ ńkọ́?" oníbàtà bèèrè.

"Kò sí ọ̀tún."

"Ẹ̀ẹ́n. Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ kan ló ń pààrọ̀ bàtà ni?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni. Òsì ni méjèèjì."

Oníbàtà wo Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà bóyá á ṣẹ́jú sí i. Kò ṣẹ́jú. Ó rán an, ó sì gba owó bàtà mẹ́rin, torí ó ní bàtà ọ̀tún méjì tó máa ṣẹ́kù, kí ni òun fẹ́ fi wọ́n ṣe? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wọ bàtà náà kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè mọ bí wọ́n á ṣe kọ́ obìnrin náà ní ìrìn. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìṣubú kejì ó fi orí gbá ilẹ̀kùn, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà" fún ilẹ̀kùn náà kó tó rántí ibi tó wà.

Ọ̀gá wá gbé bàtà náà lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ nínú ọ̀rá.

"Mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá lọ́jọ́bọ̀. Kó wọ èyí. Kó dúró, kó má sì sọ̀rọ̀. Bó bá ṣe é dáadáa, wọ́n á fọwọ́ sí òsì rẹ̀ kejì lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣe é, kí ìwọ náà lọ wá àga síbòmíràn."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí bàtà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Omi náà wá ń bọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti tán. Ó nu ojú.

"Ṣé wọ́n á fọwọ́ sí i lóòótọ́?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Gbé e wá. Nítorí ọmọ, mo ti jẹ ìyà tó le ju bàtà lọ."

Lọ́jọ́bọ̀, Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó ń wo bí ẹsẹ̀ ọ̀tún tí dókítà ṣe, tó ti jinná, tó ti dára, ṣe ń lọ́ nínú bàtà tí kò ṣe tirẹ̀. Bí ìyẹn bá ti yẹ̀, gbogbo ara á wó lé èyí tó ní egbò. Ẹ̀gbọ́n kò ké. Ó kàn ń di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń mí. Ìgbà tí wọ́n gun àtẹ̀gùn kọkànlá ni nǹkan kan já nínú Jẹ́jẹ́. Kò pariwo, kò lè pariwo. Ó kọ́kọ́ yà sídìí tábìlì tirẹ̀, ó mú ìwé àjákọ rẹ̀ kúrò nínú dúróà, ó fi há abíyá.

Yàrá ìpàdé kún. Alága ìgbìmọ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, jókòó sáàárín. Ayẹ̀wéwò adójútòfò, ọkùnrin gígùn kan tó mú pẹ́ńsùlù kúkurú dání, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà dúró ti ògiri. Ọ̀gá Pátápátá gbé ẹ̀gbọ́n dúró síwájú gbogbo wọn bí ẹni gbé ère kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ènìyàn kọ́kọ́ ní ẹsẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ nígbà mẹ́fà. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ní ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, ẹsẹ̀ kan òsì kan ọ̀tún ni gbogbo wọn, kò sí àrà kankan níbẹ̀. Ó lo ogójì ìṣẹ́jú, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà sì wúkọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní gbogbo ìgbà yìí, orí ìdúró ni ẹ̀gbọ́n wà. Omi egbò ti ń gba báńdéèjì jáde, ó ń kán sórí bàtà tuntun.

"Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ẹ jókòó," ayẹ̀wéwò wí.

"N kò tíì parí," Ọ̀gá wí.

"Ìyá ni mo ní kó jókòó. Ẹ bọ́ bàtà, mà."

Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà. Ayẹ̀wéwò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Àtàǹpàkò méjì kọjú síra wọn ní àárín, bí Ọlọ́run ṣe dá ti èmi àti ẹ̀yin. Ó fi pẹ́ńsùlù tọ́ka.

"Èyí ńkọ́?"

"Òsì," Ọ̀gá dáhùn.

"Èyí?"

"Òsì náà ni."

"Mi ò bi yín, sà. Ìyá ni mo bi."

Ẹ̀gbọ́n lanu, ó tún pa á dé. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó ń ro ti iṣẹ́ àbúrò rẹ̀, kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ni Jẹ́jẹ́ bá dìde.

"Ọ̀tún nìyẹn," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ. Ó wá yíjú sí ọ̀gá. "Nọ́ńbà yín ṣì, sà."

Ó gbé ìwé àjákọ síwájú alága. "Èèyàn mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún nìyí, mà. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe fún wọn gan-an ni mo kọ síwájú orúkọ wọn. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ adójútòfò, òfin ara ògiri la fi kọ ọ́. Èmi ni mo fọwọ́ mi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́. Ẹ ṣe mí bó bá ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Ohun tó wà níbẹ̀ bá ti inú ìwé tèmi mu," dókítà wí láti ara ògiri. Gbólóhùn kìn-ín-ní rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Irọ́ ni!" Ọ̀gá kígbe. "Ibi tí ènìyàn bá dúró sí ló ń..."

"Ọ̀gá," alága rọra wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ òsì yín sókè."

Ìbéèrè tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí ọ̀gá wà. Bó bá gbé òsì tirẹ̀ sókè, ó ti gbà pé oníkálukú ló ni òsì ara rẹ̀, òfin ti wó. Bó bá gbé ọ̀tún sókè, yóò jẹ́ ẹni tí kò mọ ọwọ́ tó fi ń jẹun. Ó tún wá rántí pé lónìí, òun kọ́ ló ń wò, òun ni wọ́n ń wò, ó sì ti kọ ọ́ sára ògiri pé èrò ẹni tí wọ́n ń wò kò ṣe pàtàkì. Òsì gbéra, ó dé àyà, ó padà. Ọ̀tún gbéra, ó dé èjìká, ojú tì í. Méjèèjì wá pàdé ní àárín, ó dà bí ẹni fẹ́ pàtẹ́wọ́. Òógùn bò ó. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, tí kò mọ èyí tí òun máa tẹ̀ lé, na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́ṣà ká mọ́lé.

Ayẹ̀wéwò fi ìwé bo ẹnu. Alága kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jókòó, sà," ó wí.

Ọ̀gá fẹ́ fèsì. Ó dúró de ikọ́. Ikọ́ kò dún. Ó yíjú wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti yọ́ kúrò níbẹ̀, ó ti wà lẹ́yìn àga alága, bí alága sì ti lanu láti tún sọ̀rọ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún un. Alága ní bí àyà bá ń dùn ún, kó lọ rí dókítà.

Wọ́n fa òfin ya kúrò lára ògiri lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Jẹ́jẹ́ fi kọ lẹ́tà mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún bó ṣe yẹ kó rí, ìgbìmọ̀ sì kọ̀wé ìbáwí kan fún un, nítorí ohun tó mọ̀ tó sì dákẹ́. Ó gbà á, ó ní ó tọ́ sí òun. Adójútòfò fọwọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ kẹrin. Dókítà fi bírò fàlà sí i, ẹ̀gbọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n ṣe é.

Ti Ọ̀gá Pátápátá ló gba ìgbìmọ̀ lákòókò. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, wọn kò sì fẹ́ lé e. Wọ́n wá ibi tí wọ́n lè gbé e sí tí kò ti ní bá òsì tàbí ọ̀tún pàdé, wọn kò rí, títí dókítà fi rántí yàrá kékeré nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ mọ́ra. Ìbọ̀sẹ̀ kò ní òsì, kò ní ọ̀tún.

Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò mọ̀ pé Ọ̀gá ló máa bá níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́ yí padà. Ọ̀gá jókòó lẹ́yìn káńtà láàárín àwọn páálí. Kò sí pẹpẹ. Ó wúkọ́ fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," Jẹ́jẹ́ wí. "Ìbọ̀sẹ̀ la wá gbà."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Òsì ni, sà."

Ó wo ẹ̀gbọ́n lórí àga tó dojú kọ ọ́. Ìka rẹ̀ gbéra díẹ̀, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ kan nínú páálí, ó jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó rìn yíká àga náà títí ó fi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí àwọn méjèèjì jọ kọjú síbì kan náà. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo ti ẹ̀gbọ́n.

"Èyí?" ó bèèrè.

"Òun ni," ẹ̀gbọ́n dáhùn.

Ó kúnlẹ̀ ní orúnkún kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ náà fún un. Ó le, ó ń tiraka, ó ń rọra yẹra fún egbò tó ti ń pa ojú dé.

"Ẹ rọra o," ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ má bínú," ló wí. Ó pè é tìkọ̀tìkọ̀, bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ àjèjì, ṣùgbọ́n ó pè é.